Ọ̀rọ̀ ti yanjú: fídíò MKV tó ní àwòrán ṣùgbọ́n tí kò ní ohùn

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn. Ìbéèrè mi ni pé kí ló dé tí àwọn fídíò MKV mi (irú fáìlì kan tó ń kó àwòrán àti ohùn pọ̀) ń gbé àwòrán jáde lórí ẹ̀rọ tí mo so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tí a kò sì gbọ́ ohùn kankan.

ffprobe, irinṣẹ́ tó ń sọ ohun tó wà nínú fáìlì fídíò, ló tú àṣírí náà. H.264 ni ọ̀nà tí wọ́n fi fún àwòrán pọ̀, ẹ̀rọ náà sì mọ̀ ọ́n dáadáa; DTS ni ti ohùn, èyí tí ẹ̀rọ náà kò mọ̀ rárá. Nítorí náà, ohùn nìkan ló yẹ ká fi ffmpeg (ètò tó ń yí fáìlì fídíò padà) sọ di AAC, irú ohùn mìíràn:

ffmpeg -i fiimu.mkv -c:v copy -c:a aac -b:a 384k -movflags +faststart fiimu.mp4

"copy" yẹn ni iṣẹ́ wà. Ó ń gbé àwòrán bó ṣe wà sínú MP4, irú fáìlì mìíràn, bí ìgbà téèyàn kó ẹrù láti inú àpótí kan sí òmíràn. Àwòrán kò bàjẹ́ rárá, kò sì pẹ́ tó fi parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún gbogbo fídíò ṣe nígbà tó jẹ́ pé ohùn nìkan ló níṣòro!

Bí àkọlé ìsàlẹ̀ bá jẹ́ SRT (ọ̀rọ̀ lásán), ẹ fi -c:s mov_text kún un. PGS, àkọlé ìsàlẹ̀ tó jẹ́ àwòrán, kò lè wọ inú MP4.

Àwọn fídíò H.264 oníbíìtì 10 (tí ìpele àwọ̀ wọn pọ̀ ju ti oníbíìtì 8 lọ) nìkan ló ṣì kọ̀. Ní tiwọn, mo fi -c:v libx264 -crf 20 -pix_fmt yuv420p rọ́pò "-c:v copy" láti sọ àwòrán di oníbíìtì 8. Ìyẹn máa ń pẹ́ gan-an, òru ló dára jù fún un.

Mo ti pa ìbéèrè yìí dé.