Ṣé ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì ni kí n lọ, àbí kí n lọ kọ́ tiọ́lọ́jì?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀.

Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ṣùgbọ́n Mẹ́tọ́díìsì ni ọkọ mi. Ibẹ̀ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi báyìí, ní apá Sábó níbí ní Ìkòròdú. Ọmọ wa kò tíì pẹ́ láyé. Àwọn ará ilé ọkọ mi ní ká gbé e lọ fún ìsàmì, ìyẹn ìrìbọmi ọmọ ọwọ́. Màmá mi ní ta ló rí ọmọ ọwọ́ tó ronú pìwà dà rí. Bíbélì ni tọ̀tún tòsì ń kà sí mi létí, èmi tí wọ́n ń pè ní tíṣà ò sì rí nǹkan sọ.

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ sí i. Ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì kan wà nítòsí wa tí wọ́n ń ṣe lálẹ́, owó rẹ̀ kò pọ̀. Àlùfáà wa ní kí n kúkú gba fọ́ọ̀mù sẹ́mínárì, ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, kí n kọ́ tiọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run àti ìgbàgbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní tiọ́lọ́jì ló ń pa iná ẹ̀mí lára èèyàn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé nǹkan kan náà kọ́ ni méjèèjì?

Ará Benson: Sísítà mi, Bíbélì ti tó. Sẹ́mínárì wo ni àwọn àpọ́sítélì lọ?

Ọ̀gá Tíṣà Ìgbógbó: Bọ̀dá, Pọ́ọ̀lù kẹ́kọ̀ọ́ lẹ́sẹ̀ Gàmálíẹ́lì o. Ó wà nínú Ìṣe 22.

Ìyá ọmọ tuntun, ẹ kú ewu. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ọmọ yín gan-an wò ó. Ẹ ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 16, níbi tí wọ́n ti ri onítúbú ìlú Fílípì bọmi lóru, òun àti gbogbo àwọn tirẹ̀. Ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì á béèrè pé: ta ni Lúùkù tó kọ ìwé náà ń kọ̀wé sí? Ta ni wọ́n ń kà mọ́ agbo ilé nílẹ̀ Róòmù nígbà yẹn, ṣé àwọn ẹrú wà níbẹ̀? Ọmọ ọwọ́ ńkọ́? Lúùkù kò dárúkọ ọmọ ọwọ́, kò sì ní kò sí níbẹ̀. Ẹni yẹn gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀, torí tó bá kọjá ibẹ̀, ó ti ń fi ọ̀rọ̀ sí Lúùkù lẹ́nu nìyẹn.

Tiọ́lọ́jì ò lè dúró síbẹ̀, torí ọmọ wà lọ́wọ́ yín, ẹ sì ní láti ṣe nǹkan kan. Ó máa béèrè ohun tí ìrìbọmi ń ṣe gan-an: ṣé Ọlọ́run ló ń fi í ṣèlérí fún èèyàn, àbí èèyàn ló ń fi í jẹ́rìí ìgbàgbọ́ rẹ̀? Á mú Jẹ́nẹ́sísì 17, níbi tí wọ́n ti ń kọ ọmọ ọjọ́ 8 nílà májẹ̀mú, á mú Máàkù 16:16 tó fi ìgbàgbọ́ ṣáájú, á kó wọn pọ̀ mọ́ ti onítúbú. Á tún wo àwọn tó ti jà á ṣáájú wa. Ní nǹkan bí ọdún 200, Tertullian, òǹkọ̀wé Kristẹni tó ń gbé Carthage ní Àríwá Áfíríkà, ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọdé dàgbà ná, èyí tó fi hàn pé àwọn kan ti ń ṣe é fún ọmọdé nígbà yẹn. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà náà, fọwọ́ sí i fún ọmọ ọwọ́ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ àbínibí. Ní 1525, àwọn kan ní Zurich nílẹ̀ Switzerland tún ìrìbọmi ṣe nígbà tí wọ́n ti dàgbà. Ìjọba ìlú ju Felix Manz, ọ̀kan nínú wọn, sódò ní 1527, ó sì kú. Ẹ ò rí ìkà bí.

Màmá yín mọ Bíbélì, àwọn àna yín náà mọ̀ ọ́n. Tiọ́lọ́jì ni wọ́n ń jà lé lórí, wọn ò kàn mọ̀ ni.

Alfa Ìta-Ẹ̀lẹ̀wà: Mùsùlùmí ni mí o, mo kàn ń kọjá lọ ni. Àwa náà ní irú ẹ̀. Oní-tafsir ń túmọ̀ Àlùkùránì láti ẹsẹ dé ẹsẹ. Níbi ẹ̀kọ́ tawhid ni wọ́n ti ń gbé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tìkára rẹ̀ yẹ̀ wò. Mo mọ alfa tó gbóná ní ti àkọ́kọ́ tí kì í jẹ́ dá sí ìkejì.

Ìyá Ìjọ Ìpakòdò: Ọmọ mi, sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé Ìkòròdú níbí ni wọ́n ti bí Bọ́lájí Ìdòwú ní 1913. Ó kọ́ tiọ́lọ́jì, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì ṣe olórí Mẹ́tọ́díìsì ní Nàìjíríà láti 1972 dé 1984. Iná wo ló kú lára ìyẹn? Ní 1962 ó gbé ìwé jáde lórí Olódùmarè bí àwọn baba wa ṣe mọ̀ ọ́n. Wá ẹsẹ kan fún mi tó sọ bóyá Olódùmarè yẹn náà ni Baba Jésù. O ò ní rí i. Síbẹ̀ ojoojúmọ́ là ń fi orúkọ náà gbàdúrà.

Àmọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ò parọ́ tán. Mo ti rí àwọn kan tó ti sẹ́mínárì dé tí wọn ò lè gbàdúrà orí oúnjẹ kí wọ́n má ṣe àlàyé sí i.

Ọ̀gá Tíṣà Ìgbógbó: Màmá, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín.

Ohun kan kù. Ẹ má wo orúkọ ara pátákó ilé ẹ̀kọ́, ẹ gba ìwé ohun tí wọ́n ń kọ́. Tó bá jẹ́ ìwé Róòmù, ìwé Jòhánù, Àwọn Wòlíì nìkan ló wà níbẹ̀, Bíbélì ni wọ́n ń kọ́. Tí ẹ bá rí ìtàn ìjọ, ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, ọ̀rọ̀ ìwà híhù, tiọ́lọ́jì ti wọ̀ ọ́. Sẹ́mínárì gidi ń kọ́ méjèèjì, pẹ̀lú Hébérù àti Gíríìkì: bí Immanuel n'Íbàdàn tí Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì jọ ní, tàbí ti Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ọmọ ọwọ́? Ti alẹ́ yẹn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò tíì lè ka ẹsẹ kan dáadáa, tiọ́lọ́jì rẹ̀ á kàn jẹ́ àròsọ.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Màá lọ gba ìwé yẹn wò. Ìsàmì náà á dúró ná, mo ti sọ fún ọkọ mi, ó gbà. Gíríìkì tí ẹ wí yìí, ṣé ó le?

Ọ̀gá Tíṣà Ìgbógbó: Lẹ́tà 24 péré ni, ẹ ó mọ̀ wọ́n kíákíá. Ọ̀rọ̀-ìṣe ẹ̀ ló máa ń mú èèyàn sunkún.