Ṣé oyè ni Ìkookò? Èsì sí ìbéèrè Àlàájà

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láìdá sí i, torí ẹni tí wọ́n bí sí Òmù-Àrán tó wá ń gbé láàárín àwọn ọmọ Ìlọrin ẹlẹ́nu dídùn ní láti mọ ìgbà tí yóò pa ẹnu mọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé lánàá ni kò jẹ́ kí n lè pa á mọ́ mọ́.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: Àlàájà kan láàárín wa ní ọmọ-ọmọ ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 8, tó ń ṣe Síkáòtù àwọn ọmọdé, èyí tí wọ́n ń pè ní Cub Scout. Orúkọ ẹranko ni wọ́n fi ń pe ọ̀pọ̀ ọdún ibẹ̀. Ọmọ náà ti parí gbogbo iṣẹ́ ọdún Wolf, ẹranko tí Bíbélì wa pè ní ìkookò, wọ́n sì ti lẹ báàjì rẹ̀ mọ́ ọn láyà. Wọ́n ń bọ̀ wálé fún Iléyá, Màmá fẹ́ ṣe kéèkì fún un, wọ́n sì fẹ́ kí Yorùbá ni wọn yóò kọ sórí rẹ̀. Bàbá wa tó fẹ̀yìn tì níṣẹ́ tíṣà dáhùn pé kí wọ́n kọ "Kú oríire, o jẹ oyè Ìkookò." Ẹlòmíràn ní rárá, "o gòkè dé ipò Ìkookò" ló dára. Ibẹ̀ la ti ń fà á bọ̀.

Bàbá, ìdọ̀bálẹ̀ ni mo wà tí mo fi ń sọ èyí: oyè kọ́. Mo mọ àwíjàre yín, ó sì lágbára. Ẹ ní a máa ń sọ pé ènìyàn gba oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló sì ń gbà á, nítorí náà oyè kì í ṣe ohun ẹnì kan ṣoṣo mọ́. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ wo bí oyè ṣe ń lẹ̀ mọ́ olóyè. Ọ̀mọ̀wé yóò máa jẹ́ ọ̀mọ̀wé títí wọn yóò fi kọ ọ́ sára ibojì rẹ̀. Balógun mẹ́rin ló wà nílùú Ìlọrin, Àjíkòbí, Alánàmú, Fúlàní àti Gàmbàrí. Nínú wọn, ta ni ẹ ti gbọ́ pé ó jẹ ẹ́ fún ọdún kan, tó sì gbé e fún ẹni tó kàn kó lè lọ jẹ òmíràn? Ẹni tí oyè bá kúrò lọ́rùn rẹ̀ láàyè, wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè ni, ojú sì ń ti ará ilé rẹ̀. Ọmọ yìí ti ṣe Wolf fún ọdún ẹ̀kọ́ kan, Bear ló kàn. Tó bá jẹ́ oyè ni, a jẹ́ pé ọdọọdún ni wọ́n ń rọ ọmọ ọlọ́mọ lóyè, tí ìyá rẹ̀ sì ń ya fọ́tò.

Ìgbà tí mo gbé oyè sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fẹ́ fara mọ́ "gòkè dé ipò". Mo wá lọ wo bí ètò náà ṣe rí gan-an, ìyẹn náà sì já lọ́wọ́ mi. Bí ó ṣe rí nìyí. Ọmọ tó wà ní ọdún tó ṣáájú kíláàsì kìn-ín-ní ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Lion. Kíláàsì 1 ni Tiger, kíláàsì 2 ni Wolf, kíláàsì 3 ni Bear, kíláàsì 4 ni Webelos, kíláàsì 5 ni Arrow of Light. Kíláàsì tí ọmọ wà nílé ìwé ló ń sọ ibi tó jókòó sí. Ọmọ tó bá dara pọ̀ ní kíláàsì 3, Bear ló máa bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ní kó padà lọ ṣe Wolf. Ọmọ tí kò bá sì parí iṣẹ́ Wolf, yóò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Bear bákan náà, báàjì Wolf nìkan ni kò ní gbà. Níbo wá ni gígòkè wà nínú ìyẹn? Ọdún ló ń gbé wọn lọ.

Ẹ fi wé ilé-kéwú wa. Ìsàlẹ̀ ni ọmọ kéwú ti ń bẹ̀rẹ̀, láti orí àwọn súúrà kéékèèké tó wà níparí Kùráánì, tí yóò máa gùn ún bọ̀ lókè. Tí ìyá rẹ̀ bá pàdé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́jà, ohun tó máa sọ ni pé "ó ti dé Yásín". Dé! Ọ̀rọ̀-ìṣe náà ló sọ gbogbo rẹ̀, torí kò sí bí ọmọ ṣe lè fò kọjá súúrà kan bọ́ sí èyí tó wà lókè rẹ̀, àlùfáà kò ní gbà. Títí dé ọjọ́ wòlímọ̀, àkàbà ni. Síkáòtù àwọn ọmọ tó ti dàgbà jọ ìyẹn dáadáa. Láti Tenderfoot títí dé Eagle, títẹ̀lé ni wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn, ẹnikẹ́ni kò lè fo ọ̀kan. Fún ìyẹn, ẹ lo "ìpele", ẹ lo "ó dé Eagle", mi ò ní jà. Ti àwọn ọmọ kéékèèké ni mi ò gbà.

Ohun tí mo rí ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń bo nǹkan méjì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ kíláàsì 2 bá wọ ibẹ̀, ó ti lè sọ pé Wolf lòun. Ní ìparí ọdún, wọ́n tún máa ní ó ti gba Wolf. Wolf àkọ́kọ́ jẹ́ àwọn tó bá jókòó, èkejì jẹ́ ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ gbà. Kí ló dé tí a ó máa wá ọ̀rọ̀ kan tí yóò gbé méjèèjì, nígbà tí Yorùbá lè pín wọn láìlàágùn? Èmi ń dábàá "ọ̀wọ́" fún àkọ́kọ́. A ń sọ pé ọ̀wọ́ ẹran, a sì ń sọ pé ọ̀wọ́ àwọn ọmọ kan, nítorí náà ẹran àti ènìyàn bá a mu, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ ẹran. "Ó wà ní ọ̀wọ́ Wolf." Fún èkejì, báàjì ni. Ẹnìkan ti kọ "àmì-ẹ̀yẹ", ó dára fún ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ ọmọ kankan lójúde wa tó wá sílé pé wọ́n fún òun ní àmì-ẹ̀yẹ. Báàjì ni wọ́n ń pè é láti ìgbà tí èmi fúnra mi wà nínú Kọ́ọ̀bù.

(Bẹ́ẹ̀ ni, mo ṣe é. Síkáòtù dé Nàìjíríà láti 1915, nígbà tó sì fi kàn mí ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tíṣà wa ni à ń pè ní Akela. A ó lóṣòó yí i ká, a ó kígbe pé Akela, a ó sa gbogbo ipá wa! Orúkọ olórí agbo wolf nínú ìtàn òyìnbó kan ni, ẹ̀yìn ọ̀la ni mo tó mọ̀. Ohun tí ìyá àgbà mi gbà ni pé Yorùbá ni: a-ké-là, ẹni tó ké tó sì là. Ìtumọ̀ ìyá àgbà mi ṣì wù mí ju ti òyìnbó lọ.)

Ó kan "requirement", ohun tí wọ́n ní kí ọmọ ṣe kó tó gba báàjì. "Àmúyẹ" tí ọ̀pọ̀ yín fọwọ́ sí kò bá a mu. Àmúyẹ ni ohun tí o ti ní lọ́wọ́ kí o tó kan ilẹ̀kùn, bí ìwé ẹ̀rí fún ẹni tó ń wáṣẹ́. Iṣẹ́ ṣíṣe ni ti ọmọ yìí. Láti 2024, ohun mẹ́jọ ni ọmọ Wolf ní láti ṣe kó tó gba báàjì: mẹ́fà kàn án ní dandan, ó sì máa yan méjì. Nínú mẹ́fà náà ni kí ó kọ́ ìbúra àti òfin Síkáòtù, kí ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìka méjì kí ara wọn. Ìrìn máìlì kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ohun mẹ́fà nínú àpò: omi, ìpápánu, tọ́ọ̀ṣì, fèrè, ohun ìtọ́jú ọgbẹ́, àti ohun tí kò ní jẹ́ kí oòrùn jó o. Eré ìdárayá wà níbẹ̀, ti ààbò ara ẹni àti ti jíjẹ́ ọmọ ìlú rere náà wà níbẹ̀. Ó ku ọ̀kan tó dá lórí ìdílé àti ẹ̀sìn tí ọmọ náà ń ṣe, Àlàájà, nítorí náà kírun rẹ̀ kò bọ́ sílẹ̀.

Ọmọ Ímáámù tó wà láàárín wa ní kí a pe mẹ́fà yẹn ní fàrílà, bí ìrun ọ̀ranyàn, kí a pe méjì yẹn ní nọ́fílà, bí ìrun àfikún. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún bí wákàtí kan. Ibi tó ti já ni pé ẹni tí kò bá ki nọ́fílà, kò sẹ́ni tó máa bi í. Méjì yìí, tí ọmọ kò bá ṣe wọ́n, kò sí báàjì. Èwo ni yóò ṣe nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jọ ìtánràn ẹni tó búra tó sì yẹ ìbúra: ó lè bọ́ tálákà 10, ó lè wọ̀ wọ́n láṣọ, èyí tó bá wù ú, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé òun kò ní ṣe ọ̀kankan. Nítorí náà, "àṣàyàn" ni mo fara mọ́, kì í ṣe "àfẹ́ṣe".

Fún ohun mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lápapọ̀, ẹ gba "àṣegbà" lọ́wọ́ mi: ohun tí a ṣe kí a tó gba nǹkan. Àṣegbà dandan mẹ́fà, àṣegbà àṣàyàn méjì. Ìyàwó mi ní ó dún bí orúkọ àwọn kọngílá. Mo ti kọ́kọ́ ronú sí "àṣeyege", mo sì jù ú nù nígbà tí mo rántí igbe wa lọ́dọ̀ Akela. Ẹni tó bá ṣe ìdánwò ló ń yege. Àwọn ọmọ yìí kò ní máàkì kankan tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbà. Ọ̀rọ̀ àmútẹ̀lé wọn ni pé kí o sa gbogbo ipá rẹ, ìwọ̀n ipá ọmọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń wò. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dùn jù bẹ́ẹ̀, kó mú un wá.

Ìkookò wá kù. Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a túmọ̀ Bíbélì fi ìkookò dúró fún wolf, gbogbo wa sì mọ wòlíì èké tó jẹ́ ìkookò nínú awọ àgùntàn. Inú ìwé ni ìyẹn wà. Nínú igbó, ìkookò tí bàbá ọdẹ mọ̀ ni ẹran tí ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sílẹ̀, tó ń jẹ òkú ẹran, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní hyena. Wolf kò gbé ilẹ̀ wa rí. Ẹ wá fi ojú inú wò ó: ìyá bàbá ọmọ náà ń gbọ́ pé ọmọ òun ti jẹ́ Kìnnìún tẹ́lẹ̀, ó wá di Ẹkùn, ìsinsìnyí wọ́n ń ṣe kéèkì pé ó di Ìkookò. Ààwẹ̀ ni wọ́n máa gbà, wọn kò ní jẹ kéèkì.

Ẹ má sì rò pé Yorùbá nìkan ló ń rí i bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1930, Wolf ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, Bear tẹ̀ lé e, Lion ló wà lókè pátápátá. Ní 1967 ni wọ́n yọ Lion kúrò, ní 1982 wọ́n gbé Tiger wọlé fún àwọn tó kéré, ní 2018 Lion padà wá, ìsàlẹ̀ ni wọ́n sì fi í sí. Àwọn fúnra wọn ló sọ ọba ẹranko di ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Àbá mi: kìnnìún kò ní wàhálà. Tiger kì í ṣe ẹkùn gan-an, ṣùgbọ́n ẹkùn ti gbà á mọ́ra, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Béárì ti wà nínú Bíbélì bí wọ́n ṣe pè é, láìsí ẹni tó ṣàròyé. Kí wolf tọ ọ̀nà kan náà, kó di "wúùfù". Àlàájà, tí ẹ bá gbà, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ báyìí: "Kú oríire, o ṣiṣẹ́, o gba báàjì Wúùfù." Ó kúrú, yóò gba orí kéèkì, ọmọ náà á sì gbọ́ orúkọ tó mọ ara rẹ̀ mọ́ nínú rẹ̀.

Webelos, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìkékúrú òyìnbó ni. Arrow of Light ló ń kọ mí lóminú, ọdún mẹ́ta sí i ló kù kó kan ọmọ Àlàájà. "Ọfà Ìmọ́lẹ̀" kò burú létí, àfi pé nílé wa, tí wọ́n bá ní wọ́n ta ọmọ lọ́fà, ọ̀dọ̀ bàbá oníṣègùn ni wọ́n ń gbé e lọ. Ẹ̀yin ọmọ Ọlọ́fà tẹ́ ẹ wà níhìn-ín, ẹ̀yin lẹ ni ọfà, ẹ̀yin náà lẹ ni ìjàkadì. Ẹ dá sí i.