Láti Ìlọrin dé Pọ́tò-Nófò: Sèmẹ̀ ni àbí Ìdirókò?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi la jọ ń dá oko àjọdá kan nítòsí Òmù-Àrán. Ẹ̀gẹ́ la fi bẹ̀rẹ̀, a wá fi adìẹ àti ẹja kún un, àmọ́ owó oúnjẹ ẹja ń jẹ gbogbo èrè wa. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ lọ wo oko Songhai ní Pọ́tò-Nófò, lórílẹ̀-èdè Benin, èyí tí Fadá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ lọ́dún 1985. Wọn kì í da ìgbẹ́ adìẹ nù níbẹ̀: eṣinṣin á yé sí i, ìdin á jáde, ìdin ọ̀hún ni wọ́n ń kó fún ẹja jẹ. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i. Fídíò ò tó mi.

Owó ọwọ́ mi ò pọ̀. Mo béèrè ní gáréèjì Màrábá, Èkó ni wọ́n ní àwọn lè gbé mi dé. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń tajà ní Kùtọnu ní kí n gba Mile 2 lọ sí Sèmẹ̀. Ìyàwó wọn ní rárá o, Abẹ́òkúta sí Ìdirókò ló dáa, kí n sì sùn ní Ìbàdàn kílẹ̀ má baà ṣú mọ́ mi ní bọ́dà. (Àwọn méjèèjì kì í fẹnu kò rí!) Páásípọ́ọ̀tù àti káàdì yẹ́lò mi (ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára) wà nílẹ̀, a ò sì nílò físà débẹ̀.

Ìbéèrè mi ò ju ẹyọ kan lọ: nínú ọ̀nà méjèèjì, èwo ni owó rẹ̀ kéré, tí "ẹ wá nǹkan fún wa" ò sì pọ̀ jù níbẹ̀?

Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀ o.