Ẹni tó gbọ́ èdè Ṣáínà dáadáa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lóye

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Mo ń fi fóònù kọ́ Mandarin ni mo bá kan nǹkan tí wọ́n ń pè ní xiehouyu. Wọ́n á sọ apá àkọ́kọ́ bí ẹni pa àlọ́, wọ́n á dákẹ́, ìwọ tó ń gbọ́ lo máa fi apá kejì kún un nínú ara ẹ, àbọ̀ ọ̀rọ̀ tí à ń sọ fún ọmọlúàbí gan-an. Bíi “ère alámọ̀ ń la odò kọjá”, ìdáhùn ẹ̀ ni pé kò lè gba ara ẹ̀ là, ìyẹn yé mi. “Confucius (ọlọ́gbọ́n Ṣáínà ayé àtijọ́) ń kó kúrò nílé”, ìwé nìkan ni ẹrù ẹ̀, torí pé shū tó jẹ́ ìwé àti shū tó jẹ́ kéèyàn fìdí rẹmi, ohùn kan náà ni, kò sí wàhálà.

Èyí tó dà mí lórí rú ni ti mọ́ńkì, ìyẹn ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Búdà, tó gbé agboòrùn. Ó fá orí, agboòrùn sì bo ojú ọ̀run mọ́ ọn, torí náà “kò nírun, kò lọ́run”, ìyẹn ni pé kò ka òfin kankan sí. Mao tó jẹ́ olórí Ṣáínà nígbà náà sọ ọ́ fún Edgar Snow, akọ̀ròyìn ará Amẹ́ríkà, ní 1970, ìyẹn gbọ́ ọ sódì, ó lọ kọ ọ́ pé mọ́ńkì tó ń dá rìn káyé pẹ̀lú agboòrùn tó ń jò ni Mao pe ara ẹ̀, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí.

Ṣùgbọ́n fà ni irun, fǎ ni òfin, ohùn wọn ò dọ́gba, báwo ló ṣe wá bára mu? Àwa tí ọkọ́ àti ọkọ̀ ò lè pààrọ̀ ara wọn lẹ́nu wa! Ṣé etí wọn kì í ka ohùn sí tó bá ti di ẹ̀fẹ̀ ni àbí àgbègbè kan wà tí wọ́n ti ń pè é bákan náà?