Luger àtijọ́ tó ní ọdún méjì lára: ojúlówó ni àbí wọ́n ti tún un ṣe?

Ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kó nǹkan ogun àtijọ́ jọ: bẹ́líìtì, bọ́tìnnì, àpò awọ, ìbọn gígùn méjì. Ìbọn ìléwọ́ ni mi ò tíì rà rí. Ìwé àṣẹ mi pé, ti ẹni tó fẹ́ tà á fún mi náà pé, nítorí náà ẹ bá mi fi ìyẹn sílẹ̀.

Luger P08 ni, ìbọn ìléwọ́ Jámánì. Lórí irin tó ń ká bí orúnkún lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́tà DWM (ilé iṣẹ́ Jámánì tó ṣe é) ló wà níbẹ̀, wọ́n lọ́ wọn mọ́ra. Níwájú ibẹ̀, lókè ihò tí ọta ń wọ̀, ọdún méjì ni mo rí: 1920 lókè, 1917 nísàlẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí nìyẹn. Ìbọn wo ni wọ́n ń bí lẹ́ẹ̀mejì?

Nọ́ńbà mẹ́rin ló wà níwájú férémù, lẹ́tà kékeré kan wà lábẹ́ wọn. Méjì tó gbẹ̀yìn jẹ́ 46, mo sì rí 46 lára gbogbo irin kéékèèké tí ojú mi lè tó láìtú u. Ilé ọta rẹ̀ nìkan ni nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀, alumíníọ̀mù sì ni ìdí rẹ̀. Ara ìbọn náà dúdú, ó ń dán gbinrin, ẹ lè fi ṣe díńgí.

Ẹni tó ń tà á ní bàbá bàbá òun ló gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá sójà Jámánì kan nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, inú àpótí ló sì wà látìgbà náà. Iye tó ń pè é jẹ́ iye ojúlówó tí kò lábùkù kankan. Kí ni kí n wò kí n tó kówó sílẹ̀?

Àgbà Alákòójọ
Kí o tó wo ohunkóhun, rí i dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Yíyọ ilé ọta nìkan kò tó. Fa orúnkún yẹn sẹ́yìn, fojú wo inú ihò, kí o tún fi ìka kàn án. Lóòótọ́, tí ọta bá wà nínú ihò, irin kan máa ń gbé orí sókè, wàá sì rí “Geladen” lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èdè Jámánì ni, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti kì í. Má gbára lé e. Ohun tó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún ni, sípíríǹgì rẹ̀ lè ti rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé tí o bá yọ apá òkè rẹ̀ kúrò lórí férémù tí ọta sì wà nínú rẹ̀, ó ṣì lè yìn.

Ọdún méjì yẹn kò ní wàhálà. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun Jámánì ní 1918, àdéhùn Versailles dín àwọn ọmọ ogun wọn kù sí 100,000. Ìbọn ti fọ́n káàkiri ọwọ́ aráàlú nígbà náà. Èyí tó kù sọ́wọ́ ìjọba ni wọ́n lu òǹtẹ̀ 1920 mọ́, kí wọ́n lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ẹnì kan jí gbé lọ sílé. DWM ṣe tìrẹ ní 1917, ìjọba kà á mọ́ ẹrù rẹ̀ ní 1920. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé irú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wá kiri.

Dídán tó ń dán yẹn ló ń dẹ́rù ba èmi.

Ojúlówó Nìkan
Rà á, kí o lọ yìn ín wò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Tó bá ṣiṣẹ́, ojúlówó ni 😂

Àgbà Alákòójọ
@Ojúlówó Nìkan, má bá mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Tí irin kan tó ní 46 lára bá kán níbi tí ẹ ti ń yìn ín, ọjọ́ yẹn gan-an ni ìbọn tí nọ́ńbà rẹ̀ pé di aláàbọ̀. Ta ló fẹ́ lọ rí òmíràn tó ní 46?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti aró, iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn. (Aró ni èmi ń pe àwọ̀ dúdú ara irin.)

Nígbà tí wọ́n ṣe ìbọn yìí, ìpẹtà ni wọ́n fi ń pa á láró. Wọ́n á jẹ́ kí irin dípẹtà díẹ̀, wọ́n á sè é nínú omi gbígbóná, wọ́n á nù ún, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀, títí yóò fi dúdú. Àwọ̀ tó ń bọ́ síbẹ̀ máa ń jinlẹ̀, kì í kọ mànà bíi díńgí. Rírì sínú iyọ̀ gbígbóná, èyí tó ń mú irin dúdú kíá tó sì ń dán, nǹkan bíi 1937 ni Mauser tó gba iṣẹ́ Luger ṣe lẹ́yìn DWM yí sí i. Nítorí náà, tí aró iyọ̀ bá wà lára ìbọn 1917, ẹnì kan ló wá fi síbẹ̀ lẹ́yìn.

Wo ibi tí ìka ń fà, irin séfítì, àti bọ́tìnnì tó ń tú ilé ọta sílẹ̀. Iná ni wọ́n máa ń fi yí ìyẹn padà, àwọ̀ rẹ̀ á pupa rúsúrúsú bíi koríko gbígbẹ. Àwọ̀ yẹn kì í lágbára, ọwọ́ máa ń pa á rẹ́. Tí gbogbo wọn bá dúdú bíi férémù, wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ rì pọ̀ nìyẹn. Tí àwọ̀ koríko yẹn bá sì ń tàn yòò lára ìbọn tí èèkù rẹ̀ ti jẹ, ìyẹn náà tún lọ́wọ́ kan nínú.

Lẹ́yìn náà, fi èékánná ra etí òǹtẹ̀. Bí wọ́n bá lu nọ́ńbà mọ́ irin, irin á ru sókè díẹ̀ yí nọ́ńbà náà ká, bí ìgbà tí o bá tẹ ìka mọ́ amọ̀. Ẹ̀rọ ìdán ló kọ́kọ́ ń jẹ ibi tó ru yẹn. Wo ihò ìṣó náà: etí rẹ̀ yẹ kó mú. Tó bá jin wọnú bí àwo ọbẹ̀, wọ́n ti dán an kọjá ààlà.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣé gan-an, sà. Ṣé ti nọ́ńbà wá ti parí nígbà tó jẹ́ 46 ni mo rí níbi gbogbo?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Rárá o. Ẹni tó ní òòlù àti òǹtẹ̀ lè sọ ohunkóhun di 46. Fi awò wo bí 4 ṣe rí lára irin kọ̀ọ̀kan, ìdúró rẹ̀ àti ìjìnlẹ̀ rẹ̀. Tí 4 kan bá ṣí lórí tí òmíràn sì pa dé, béèrè ìdí. Kí o yí i dojú dé: nọ́ńbà kíkún àti lẹ́tà rẹ̀ yẹ kó wà lábẹ́ ọ̀pá ìbọn. Níbi tí ọ̀pá náà ti wọ ara ìbọn, ìlà tín-ín-rín kan la méjèèjì já. Tí ìlà òkè bá yà kúrò lára tìsàlẹ̀, wọ́n ti pààrọ̀ ọ̀pá tàbí kí wọ́n ti yí i. Lẹ́tà kékeré yẹn ṣe kókó o. Bí nọ́ńbà bá dé 10,000, lẹ́tà ni wọ́n ń fi kún un, ọdún tuntun á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àgbà Alákòójọ
Mo fi ọ̀kan kún un. Láti nǹkan bíi 1913, irin kékeré kan máa ń yọ síta lẹ́yìn èèkù, òun ni wọ́n ń so igi ìgbéléjìká mọ́. Ti 1917 gbọ́dọ̀ ní in. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi fáìlì rẹ́ kúrò, owó rẹ̀ bá a lọ. Ti ilé ọta, igi ló yẹ kó wà ní ìdí rẹ̀ ní 1917, alumíníọ̀mù dé lẹ́yìn ogun. Ìyẹn kò bà mí nínú jẹ́ púpọ̀, ilé ọta tètè máa ń sọnù.

Bàbá Kọ̀rọ̀
Ọmọ Alágbẹ̀dẹ, mo fẹ́ bá ọ jiyàn díẹ̀. Àwọn ìbọn tó gba òǹtẹ̀ 1920 kan wà tí ilé iṣẹ́ ìjọba Jámánì fúnra rẹ̀ tún ṣe, tí wọ́n tún pa láró. Ìtàn ìbọn náà ni ìyẹn, kì í ṣe àbùkù.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Mo gbà, Bàbá. Ṣùgbọ́n aró ìpẹtà ni tiwọn náà. Èyí tó ní a lè fi ṣe díńgí yìí ńkọ́? Ó sì tún lè jẹ́ èyí tí Rọ́ṣíà kó lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Wọ́n tú wọn, wọ́n rì wọ́n sínú aró, wọ́n tún wọn tò láìwo nọ́ńbà, wọ́n sì fi òǹtẹ̀ X sí ọ̀pọ̀ wọn lára. Wá X náà.

Màmá Ìbejì
Ọmọ mi, ìbọn ni kí o rà, má ra ìtàn. Gbogbo Luger tí mo ti rí, ọwọ́ ọ̀gá sójà ni wọ́n ti gbà á. Kò sí ọ̀kan tó jẹ́ ti sójà lásán! Béèrè ìwé, fọ́tò, lẹ́tà, àpò awọ tó ní òǹtẹ̀ ọdún lára. Tí kò bá sí, òfo ni. Tó bá sì jẹ́ pé inú àpótí ló wà láti ìgbà ogun, ta ló wá wọ inú àpótí lọ pa á láró?

Ti owó, má wo iye tí àwọn èèyàn ń pè é. Wo iye tí wọ́n lu irú rẹ̀ ní gbàǹjo tó sì tà lóòótọ́: DWM, òǹtẹ̀ ọdún méjì, ọ̀pá kúkúrú ti 100 mílímítà. Má fi wé ti ọmọ ogun ojú omi tó ní 150 tàbí ti àwọn alágbá tó ní 200. Tí wọ́n bá ti tún un pa láró, ó lè já dé ìdajì.

Ẹni tó béèrè
Mo ti lọ, mo ti bọ̀. Irin ẹ̀yìn èèkù wà níbẹ̀. Nọ́ńbà abẹ́ ọ̀pá bá tiwájú mu pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀, ìlà náà kò yà. Mo wá X títí, mi ò rí i. Ó gbà kí n tú pákó èèkù: 46 wà nínú tòsì, 12 wà nínú tọ̀tún.

Àmọ́ èékánná mi kò kọ́ ohunkóhun lára òǹtẹ̀, ó kàn ń yọ̀ lọ ni. Ihò ìṣó jin bí àwo gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Ibi tí ìka ń fà dúdú bíi férémù. Nígbà tí mo béèrè ìbéèrè Màmá Ìbejì lọ́wọ́ rẹ̀, ó dákẹ́, ó wá ní ó ṣeé ṣe kí ẹ̀gbọ́n òun ti “tọ́jú u díẹ̀”. Mo pe ìdajì, ó bínú, mo kí i, mo bá tèmi lọ. Láti àná ó ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì, mi ò tíì gbé e.

Màmá Ìbejì
Jẹ́ kó pe ẹ̀kẹta.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Tí o bá wá rà á, òróró fẹ́ẹ́rẹ́ àti aṣọ rírọ̀ nìkan o. Mi ò fẹ́ gbọ́ sáńpépà. Kí o sì fi fọ́tò pákó tó ní 12 yẹn ránṣẹ́, ó ń ṣe mí bíi pé mo mọ ẹni tí 12 rẹ̀ sọnù.