Ilé ìwòsàn tí mo yà lábẹ́ ọ̀gá mi àtijọ́, ṣé mo lè kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù SF 330?

Ayàwòrán Baltimore: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ayàwòrán ilé ni mí. Ọdún 11 ni mo fi ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan kí n tó dá dúró lọ́dún tó kọjá. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ kan jáde lórí SAM.gov, ìkànnì tí wọ́n ti ń polówó iṣẹ́ ìjọba, wọ́n fẹ́ tún ilé ìwòsàn kan ṣe. Mo ti ya ilé ìwòsàn mẹ́rin rí, ṣùgbọ́n abẹ́ ọ̀gá mi ni gbogbo rẹ̀. Lórúkọ tèmi, ṣọ́ọ̀ṣì kan àti ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta péré ni. Abala F nínú SF 330, fọ́ọ̀mù tí ayàwòrán ilé àti ẹnjiníà fi ń fi iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe rí han ìjọba, ní kí n fi iṣẹ́ 10 hàn. Ṣé mo lè kọ àwọn ilé ìwòsàn yẹn síbẹ̀? Èló ni kí n sì pè é? Mo fẹ́ já a wálẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ 16 ló kù.

Bàbá Tóbi: Àbúrò, má kọ iye kankan! Òfin Brooks ti ọdún 1972 ò gbà kí wọ́n fi owó yan ayàwòrán ilé tàbí ẹnjiníà. Ẹni tí iṣẹ́ dá lójú jù ni wọ́n ń wá. Wọ́n á bá ó kéré tán ilé-iṣẹ́ mẹ́ta sọ̀rọ̀, wọ́n á tò wọ́n ní ipò, ẹni àkọ́kọ́ ni wọ́n á pè wá dúnàá-dúrà. Bí owó ò bá wọ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ ẹnìkejì. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo fi ìwé owó há inú tèmi, mo tún kọ "ẹ̀dínwó wà" sí i. Ojú ṣì ń tì mí.

Ìyá Ìbejì: Abala E ni àwọn ilé ìwòsàn yẹn máa wọ̀, níbi tí ẹ ti máa ro iṣẹ́ ọwọ́ ara yín. Àyè iṣẹ́ márùn-ún ló wà níbẹ̀. Ẹ máa rí àpótí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń fi àmì sí bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ tí èèyàn wà báyìí ló ti ṣe é. Ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo. Iṣẹ́ tó bá wọ Abala F, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tẹ́ ẹ kọ sí Abala C pé ẹ jọ fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà. Bẹ́ ẹ bá pe iṣẹ́ ọ̀gá yín ní tiyín, irọ́ lẹ pa fún ìjọba nìyẹn.

Ayàwòrán Baltimore: Yé! Ṣọ́ọ̀bù ni kí n wá fi wá iṣẹ́ ilé ìwòsàn?

Bàbá Tóbi: Ṣé ìwọ àti ọ̀gá yẹn ṣì ń kíra?

Ayàwòrán Baltimore: A ò jà, sà. Ó kàn sọ lọ́jọ́ tí mo ń lọ pé n ó padà wá bá òun ni.

Bàbá Tóbi: Padà lọ bá a nígbà náà. Bó bá ti wọ Abala C pẹ̀lú rẹ, àwọn ilé ìwòsàn yẹn di ti Abala F láìsí èrú. Abala G, tábìlì tó ń fi ẹni tó ṣe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan hàn, á sì fi X sí iwájú orúkọ rẹ lábẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ìyá Ìbejì: Èmi ò bá tiẹ̀ ní kí ọ̀gá yẹn ṣáájú, kẹ́ ẹ wà lábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí i gbà, ilé-iṣẹ́ yín náà ti ní ilé ìwòsàn kan nìyẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ jọ̀ọ́, ẹnì kan ní kí n san $600 kí òun bá mi forúkọ sílẹ̀ lórí SAM.gov.

Ìyá Ìbejì: Ọ̀fẹ́ ni o! Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Ayàwòrán Baltimore: Mo ti pe ọ̀gá mi. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní òun gbà, àmọ́ orúkọ ta ni yóò wà lókè? Mo ní, "Tiyín ni, sà."