Ẹ gbà mí o: pèpéle epo mi kò mira nínú ìmìtìtì ilẹ̀

Kọ́lá: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n mi kì í dá mi lóhùn, kọ̀ǹpútà mi ń gbóná bí ààrò, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sì ni mo máa gbé iṣẹ́ síwájú wọn. Pèpéle onírin ni mò ń ṣe àwòṣe rẹ̀ nínú OpenSees, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò bí ìmìtìtì ilẹ̀ ṣe ń mi ilé àti afárá, irú pèpéle Hondo tí wọ́n gbé kalẹ̀ létí Kalifóníà ní 1976, nínú omi tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 842. Mo fi àkọsílẹ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní Northridge, ní Kalifóníà, ní 1994 mì í, irin ìdábùú kan ò ká. Orí rẹ̀ ò sún ju ìka méjì lọ! Wọ́n á ní irọ́ ni mo pa.

Bùkọ́lá: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Báwo lẹ ṣe so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀? Bí ẹ bá kàn án mọ́ ìsàlẹ̀ òkun gbọin, á le ju bó ṣe yẹ lọ. Amọ̀ tó yí òpó ìpìlẹ̀ ká máa ń rọ̀. Síprìǹgì p-y, tó ń fi bí amọ̀ ṣe ń ti òpó padà bó ṣe ń sún hàn, ni kí ẹ fi ṣojú rẹ̀.

Dèjì: Ọ̀jọ̀gbọ́n tí kì í fèsì! Tèmi ní Aberdeen, ìgbà tí mo lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn ni wọ́n tó rántí mi. Lọ jókòó tì wọ́n.

Kọ́lá: Mo kàn án mọ́lẹ̀, bí ìwé tí mo tẹ̀ lé ṣe ṣe é nìyẹn. Fiber, ìyẹn pípín ojú irin sí wẹ́wẹ́ nínú àwòṣe, ni mo fi ṣe ìdábùú, mo sì tẹ àárín rẹ̀ díẹ̀ kó lè ráyè ká.

Alhaji Ràímì: Àbúrò, omi ńkọ́? Omi inú ẹsẹ̀ àti èyí tó yí i ká ń bá irin mì ni. Bí o ò bá ka ìwọ̀n rẹ̀ mọ́ ti irin, asán lò ń ṣe. Kọ̀ǹpútà ni gbogbo yín gbójú lé, ẹ kì í ronú!

Bùkọ́lá: Sà, amọ̀ ló yẹ kó ṣáájú.

Alhaji Ràímì: Omi ni mo wí.

Kọ́lá: Mo ti ka omi mọ́ ọn, sà. Mítà àti kílò ni mo lò délẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìmìtìtì nìkan ni mi ò fọwọ́ kàn, bó ṣe wà nínú fáìlì PEER, àkójọ àkọsílẹ̀ ìmìtìtì ilẹ̀, ni mo kó o sí i, factor 1, ìyẹn ni pé mo fi 1 sọ ọ́ di púpọ̀.

Bùkọ́lá: Ẹ dúró ná! g, ìyẹn bí òòfà ilẹ̀ ṣe ń mú nǹkan yára jábọ́ (9.81 bí a bá fi mítà àti ìṣẹ́jú àáyá wọ̀n ọ́n), ni fáìlì PEER fi ń wọ̀n ọ́n. OpenSees ò mọ g, kò mọ mítà, nọ́ńbà tó bá rí ló ń lò. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá Northridge lẹ fi ń mì í. Ẹ fi 9.81 síbẹ̀.

Kọ́lá: Ẹni tó fún mi ní script, ìyẹn àwọn àṣẹ tí OpenSees ń tẹ̀ lé, ní 9.81 ti wà nínú rẹ̀.

Alhaji Ràímì: Ṣé ìwọ fojú ara rẹ rí i? Factor 1 lo kọ sókè yẹn.

Bùkọ́lá: Ẹ yí i padà kí ẹ tún un ṣe. Bí ìdábùú bá bẹ̀rẹ̀ sí í ká tí OpenSees sì dá dúró lágbede méjì, ẹ gé àkókò ìṣísẹ̀ rẹ̀ kéré sí i. Ẹ wá fi amọ̀ sí i.